Eré Tí Wọ́n Fi Ń Yan Olórí Panápaná

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa yan olórí tuntun, Fẹhìntọlá ò lè jókòó. Ó ń rìn síwá sẹ́yìn ní ọ́fíìsì àwọn panápaná, ó fi awò tí wọ́n fi ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà sójú. Nínú eré náà, jagunjagun, tafàtafà, oṣó àti oníṣègùn ló ń darí, dírágónì, ejò ńlá tó ń tu iná lẹ́nu, sì dínà mọ́ wọn. Ohùn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ni eré náà fi sí wọn lẹ́nu. Àkànjí ni oníṣègùn.

"Fi Àkànjí sílẹ̀ fún dírágónì," ni ẹ̀rọ náà wí, "wàá borí."

Ọkàn rẹ̀ ò gbé e. Ó kó gbogbo wọn padà sẹ́yìn, ó sì fìdí rẹmi.

Ọ̀gá Adétóún, tó máa yan olórí, yọ awò náà lójú rẹ̀. "Kí lo rí sí eré yìí?"

"Ó dára, Ọ̀gá. Ó ń kọ́ni pé ká ronú ká tó gbẹ́sẹ̀, pé ẹnìkan ò lè dá ogun jà. Ṣùgbọ́n dírágónì yẹn máa ń dúró kí n ronú tán. Iná kì í dúró de èèyàn. Ẹni tó bá sì kú nínú eré, ó ń jí."

"Láníyọnu ẹlẹgbẹ́ rẹ fi Àkànjí sílẹ̀ nígbà tó ṣe eré tirẹ̀, ó sì borí. Òun lolórí yín."

Kò tíì panu dé tí aago iná fi dún. Ọjà aṣọ ń jó! Láníyọnu nawọ́ sí ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò mira nínú àwọn panápaná tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Fẹhìntọlá ni gbogbo wọn ń wò.

"Ẹ jẹ́ ká lọ o!" ló pariwo, ó ti ń sáré. Wọ́n tú jáde tẹ̀ lé e, àti Láníyọnu náà.