Ìjókòó Apá Òsì

Bàbá Tòkunbọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin tó ń bá wọn kó ọkọ̀ wọlé láti òkè òkun, bẹ́ẹ̀ kò bí ọmọ kankan tó ń jẹ́ Tòkunbọ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: tábìlì kan, fáànù kan tó ń ké, àti àwòrán ọkọ̀ lára ògiri. Káfíńtà kan àti ìyàwó rẹ̀ wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìyàwó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó sì gbé báàgì lé itan.

"Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀ o. Ṣé dáadáa ni?"

Obìnrin náà mi orí.

"Ara ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yá ni, sà," ni káfíńtà wí.

Bàbá Tòkunbọ̀ fún un ní fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti bi í pé ènìyàn mélòó ni yóò máa wọ ọkọ̀ náà, káfíńtà kọ mẹ́ta, ó wọ́gi lé e, ó kọ méjì.

Ní ìlú tiwọn, apá ọ̀tún ọ̀nà ni ọkọ̀ ń gbà, apá òsì ọkọ̀ sì ni sitiárìn ń wà. Àwòrán méjì ni Bàbá Tòkunbọ̀ gbé kalẹ̀. Ọkọ̀ kan náà ni, àwọ̀ kan náà, iye owó kan náà, àfi pé sitiárìn ọ̀kan wà lápá òsì, ti èkejì wà lápá ọ̀tún.

"Ti apá ọ̀tún yìí, ẹ má tiẹ̀ wò ó," ó wí. "Ìlú tí wọ́n ti ń gba òsì ni wọ́n ṣe é fún. Tẹ́ ẹ bá wà lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù níbí, ìdí ẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Ẹni tó bá jókòó lápá òsì ló máa bá yín wo iwájú, tó máa ní kẹ́ ẹ kọjá tàbí kẹ́ ẹ dúró."

Káfíńtà gbé ojú sókè. "Tó bá kàn mi orí ńkọ́?"

"Orí kẹ̀! Ṣé ojú ẹ̀ lẹ máa máa wò ni, àbí títì? Ẹnu ló ń ṣe é. Tí kò bá ti fọhùn, ẹ máa tẹ̀lé akẹ́rù yẹn dé abúlé bàbá ẹ̀ ni."

"Ti apá ọ̀tún yẹn ni mo fẹ́."

Bàbá Tòkunbọ̀ rò pé ó ń ṣàwàdà. "Ọ̀gá káfíńtà, ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ ni ìyàwó yín á máa jókòó sí o. Tí ewu bá dé, òun ló máa kọ́kọ́ bá."

"Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kó jókòó sí."

Bàbá Tòkunbọ̀ wo ìyàwó. Obìnrin náà ń wo fáànù.

Kì í ṣe fáàrí ni káfíńtà ń wá ọkọ̀ fún. Ìyàwó rẹ̀ ń rù, kì í sì í jẹun tán mọ́. Dókítà kan wà ní ìlú kejì tó yẹ kó máa rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ wọ ọkọ̀ èrò. Ìyá ìyàwó ti wá fún káfíńtà ní gbèdéke.

"Ọmọ tó ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín ni mo fà lé ẹ lọ́wọ́," ni ìyá wí. "Kí wá nìyí? Tí oṣù méjì bá pé tí mi ò rí ìyàtọ̀, mo ń mú ọmọ mi lọ nìyẹn."

Káfíńtà dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde títí ìyá fi jáde. Kò mọ bí yóò ṣe máa gbé inú ilé yẹn láìsí obìnrin náà. Lọ́jọ́ kejì ló ta ẹ̀rọ tó fi ń la igi.

Nígbà tí ọkọ̀ dé, ọjọ́ márùn-ún péré ló kù kí oṣù méjì náà pé. Mẹkáníìkì yí ọkọ̀ náà ká, ó mí kanlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta, màá bá yín gbé sitiárìn yìí sí apá tó yẹ."

"Má fọwọ́ kàn án."

Ìyá ìyàwó ti wá dúró de ọjọ́ gbèdéke rẹ̀. Nígbà tó rí ibi tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jókòó sí, ó káwọ́ lérí. "Yéè! O rí i pé mo fẹ́ mú un lọ, o wá fẹ́ pa á! Ta ló ń gbé ìyàwó ẹ̀ ko tírélà lójú?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ kan péré. Lẹ́yìn òní, tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ mú un lọ."

Ọ̀nà ìlú kejì tóóró, ọkọ̀ kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi bá ọkọ̀ kan tó ru sìmẹ́ǹtì, tó ń wọ́ bí ìgbín. Káfíńtà fà sẹ́yìn díẹ̀, ó ń tẹ̀lé e.

"Ṣé iwájú mọ́?" ó bi ìyàwó rẹ̀.

Obìnrin náà mi orí. Káfíńtà kò wo ẹ̀gbẹ́.

"Mi ò rí nǹkan kan níbí o. Ìwọ lo rí i."

Àwọn tó wà lẹ́yìn ń tẹ fèrè. Ọ̀kan yà wọ́n sílẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ yọ orí síta, ó bú wọn tìyá-tìyá. Eruku sìmẹ́ǹtì àti èéfín ẹ́ńjìnnì kún inú ọkọ̀. Àkókò tí dókítà dá fún wọn kọjá. Ìyá ìyàwó tó ń di ẹrù nílé ni káfíńtà ń rò.

"Jọ̀ọ́," ó wí. "Ṣé kí n lọ ni, àbí kí n dúró?"

Omijé ti fẹ́ dí i lójú. Ó ti ń wá ibi tí yóò ti yí ọkọ̀ padà sílé nígbà tí ohùn kan tó há dáhùn lápá òsì.

"Ó mọ́. Máa lọ."

Káfíńtà kò lọ. Ó yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó pa ọkọ̀, ó sì gbé orí lé sitiárìn, ó ń sunkún, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, oṣù mẹ́jọ gbáko, ìyàwó rẹ̀ kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ẹnikẹ́ni.