Olóògbé Tó Ń Jẹ Búrẹ́dì

Ìyá arúgbó náà ń ki búrẹ́dì bọ tíì nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin já wọlé tòun ti ìwé ìròyìn.

"Màmá àgbà, wọ́n ní ẹ ti kú! Ta ló gbé irú irọ́ yìí fún wọn?"

"Èmi ni." Ó jẹun lọ ní tirẹ̀. "Ṣebí ìwọ lo ń kọ ọ́ sórí ìwé ìmọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì tí tajá tẹran lè kọ, pé èmi ni mo ya àwòrán tí wọ́n fi kọ́ afárá ńlá, táwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń pa á rẹ́, wọ́n ní ìwé ìròyìn kankan ò sọ̀rọ̀ mi rí? Ó ti wá sọ ọ́ wàyí. Ọjọ́ a kú là á dère, ọmọ mi. Èèyàn ò sunwọ̀n láàyè."

Ọmọ náà yára ṣí fóònù rẹ̀. Àní wọ́n ti gba ojú ìwé ìyá wọlé!

"Ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn pé ẹ wà láàyè."

"Má dán an wò! Ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ sí mi létí ná."

"'Olóògbé yìí ni aya gbajúmọ̀ onímọ̀-ẹ̀rọ tó kọ́ afárá ńlá…'"

Wọ́n dárúkọ ọkùnrin kan tó jẹ́ pé okùn ìwọ̀n ló ń bá ìyá dì mú níbi iṣẹ́. Télọ̀ sì ni ọkọ ìyá ní tòótọ́.

Búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ ìyá.

"Ikú yẹn, mo fọwọ́ sí i," ló wí. "Ṣùgbọ́n ta ló fà mí lé ọkùnrin yìí lọ́wọ́?"