Ẹ̀gbà Àlejò

Ní ẹnubodè tó pín ìlú méjì tó ń bára wọn ṣọ̀tá níyà, àwọn aṣọ́bodè de ẹ̀gbà tó ń sọ̀rọ̀ mọ́ Àyọ̀ká lọ́wọ́, bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo àlejò, pé yóò máa dáàbò bò ó. Ó dé ilé Wúràọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lọ́kọ sí òdìkejì ẹnubodè náà, ìyẹn sì gbé omi fún un.

“Má mu ún,” ni ẹ̀gbà náà wí. “Ẹ̀ẹ̀mejì ni obìnrin yìí ti béèrè ọjọ́ tí o máa padà.”

Lóòótọ́ ni Wúràọlá béèrè.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ fi ọjọ́ tí mo máa lọ ṣe?”

“Fóònù mi ló ní kí n bi ọ́,” ni Wúràọlá fèsì. “Ó ní kí n máa ṣọ́ ọ, pé ará òdìkejì ni ọ́.”

Àyọ̀ká na ife náà padà sí i. “Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.”

Wúràọlá gba ife, ó mu omi náà tán pátá, kò sì bu òmíràn fún àbúrò rẹ̀.