Fíríìjì Méjì, Nọ́ńbà Kan

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàbọ̀. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí iṣẹ́ ọwọ́ yín ti mọ́ yín lára jù.

1.
Ọ̀gá Wáyà ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Òun ló so kọ̀ǹpútà ilé ìtajà oògùn kan pọ̀. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, bí ilé ṣe ń ní nọ́ńbà ládùúgbò, kí iṣẹ́ tí a bá rán má bàa ṣìnà. Nígbà tí ọjà gbèrú, tí ṣọ́ọ̀bù kejì, ìkẹta àti ìkẹrin ṣí, nọ́ńbà ti àkọ́kọ́ náà ló kàn ń dà kọ.

Obìnrin tó ni ọjà bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó, kó pín nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀, torí òun ṣì máa ṣí òmíràn. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Gbogbo ẹ̀ wà lórí mi."

2.
Nígbà tó yá, obìnrin náà fẹ́ máa rí ṣọ́ọ̀bù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti orí tábìlì rẹ̀. Ọ̀gá Wáyà so wọ́n pọ̀, ni àwọn nọ́ńbà bá ń kọlu ara wọn. Ẹ̀rọ tó bá ṣe wàhálà ló ń tún ṣe. Èyí tó dákẹ́, ó fi sílẹ̀.

Fíríìjì oògùn náà wà lára ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń ṣọ́, kò sì mọ̀ pé ti ṣọ́ọ̀bù kẹta ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá béèrè bóyá ti ìkẹta tutù, ti àkọ́kọ́ ló ń dáhùn.

Fíríìjì ṣọ́ọ̀bù kẹta dẹnu kọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni oògùn fi wà nínú ooru, kọ̀ǹpútà sì ń sọ pé kò séwu. Kò sẹ́ni tó fura.

3.
Ẹ̀gbọ́n obìnrin Ọ̀gá Wáyà, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, ní àtọ̀gbẹ. Ṣọ́ọ̀bù kẹta ló ti ń ra abẹ́rẹ́ tó ń gún lójoojúmọ́, èyí tí ooru máa ń bà jẹ́. Ó dákú sí ilé ìdáná. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù.

Ọ̀gá Wáyà jókòó tì í, ó ń bá a wí pé kò gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ déédéé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. "Mi ò fo ọjọ́ kan, àbúrò mi. Gbà mí gbọ́."

Kò gbà á gbọ́.

Ọjọ́ kejì ni obìnrin tó ni ọjà pè é pé oògùn ṣọ́ọ̀bù kẹta ti bàjẹ́, kó wá wo ìdí tí kọ̀ǹpútà kò fi sọ̀rọ̀. Ó dé ibẹ̀, ó wo nọ́ńbà fíríìjì náà. Ti ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ni. Ó sáré padà sí ọsibítù láti lọ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jáde láyé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohunkóhun tó bá máa gbèrú lọ́wọ́ yín, ẹ ṣètò rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré. Ẹ má rò pé ohun tó dákẹ́ ló dára. Bí ẹni tó ni iṣẹ́ bá sì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ tún un ṣe, ẹ má fi ṣe ẹ̀rín.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.