Káfíńtà Tó Lé Àbúrò Rẹ̀ Nítorí Ìparí Géèmù

Ẹ má fi ìka yí èyí kọjá o. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹnu ṣeré pẹ̀lú ọmọ ìyá yín. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, mi ò sì ní bò ó mọ́ra.

1.

Káfíńtà kan wà, ilẹ̀kùn ló ń ṣe. Àgbátún ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí bó bá ti gbá géèmù kan parí, kíá ló máa tún un bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe géèmù bọ́ọ̀lù o. Èyí tó ní ìtàn nínú ni, tí jagunjagun ń rìn láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n á bi ọ́ pé èsì wo lo fẹ́ kó fọ̀, tí èsì tó o bá mú á sì yí ìtàn padà. Téléfíṣọ̀n rẹ̀ wà ní yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Páàdì tó fi ń darí géèmù kì í jìnnà sí i, ayùn ló máa ń wá tì.

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Àbúrò ló ń wọn pákó, òun ló ń gé e, òun náà ló ń so ilẹ̀kùn mọ́ férémù. Tẹ̀gbọ́n ò ju kó gba iṣẹ́, kó sì gba ìyìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo ẹbí mọ̀ tí ẹnì kan kì í sọ: ìyá wọn kọ́ ló bí àbúrò yìí. Ọ̀rẹ́ ìyá wọn kan ló kú sórí ìkúnlẹ̀, ìyá sì gbé ọmọ pọ̀n, ó di tirẹ̀. Ọmọ náà mọ̀. Àgbátún mọ̀. Ìyá ní ọ̀rọ̀ yẹn ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ilé òun.

2.

Nínú géèmù ọ̀hún, jagunjagun ní àbúrò kan tó dalẹ̀ rẹ̀, tó ṣílẹ̀kùn odi ìlú fún ọ̀tá, tó wá padà wá bẹ̀bẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, Àgbátún ní kí jagunjagun dárí jì í. Wọ́n jọ lọ sógun, ọfà sì pa àbúrò. Àgbátún sunkún gidi. Nígbà tó tún un gbá, ó lé àbúrò dànù, ó tún mú èsì tó burú jù lọ. Ẹ gbọ́ o: nígbà tógun le tán, tí afárá wó lu jagunjagun mọ́lẹ̀, àbúrò tí wọ́n lé yẹn náà ló kó ọmọ ogun dé, tó fà á yọ. Wọ́n dì mọ́ra wọn, orin dídùn bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìparí tó dùn tó o nínú géèmù náà.

Láti ọjọ́ náà, ọkùnrin yìí di oníwàásù. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù pé ìkẹ́ ló ń pa èèyàn, pé ẹni téèyàn bá lé ló ń fọgbọ́n padà wálé. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sọ fún un pé àwòrán ni àwòrán, èèyàn ni èèyàn. Àgbátún fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí lẹni tí kò mọ páàdì í dì mú fẹ́ sọ. Olórí kunkun!

3.

Ilé ìwòsàn kan wá gbé iṣẹ́ ilẹ̀kùn fún wọn, ti ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn gbà kọjá. Àbúrò ṣì í wọ̀n, bẹ́ẹ̀dì ò lè wọlé. Ó gbé ilẹ̀kùn padà wá, ó wọ yàrá kékeré, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní ẹ̀bi òun ni, òun á tún un ṣe, kẹ́gbọ̀n má bínú.

Àgbátún wà nídìí afárá inú géèmù yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wo àbúrò rẹ̀ nílẹ̀, ayọ̀ ló sì wọ inú rẹ̀, torí ohun tó ń rí jọ ti inú géèmù. Inú ò tiẹ̀ bí i! Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ó gbé páàdì lé orúnkún, ó sì fọ èsì jagunjagun bó ṣe rí gan-an:

"Jáde. Ìwọ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ mi."

Àbúrò dìde díẹ̀díẹ̀. Ó gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò láṣọ. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ìyá wọn ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, oúnjẹ ọ̀sán wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́. Ó gbé abọ́ kan kalẹ̀ lórí pákó, ó mú abọ́ kejì dání, ó sì tẹ̀lé àbúrò jáde.

4.

Àgbátún ò mikàn. Ó ní wọ́n á padà, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kógun le. Ó ń retí. Ìyá wá kó aṣọ ara rẹ̀ nígbà tí Àgbátún ò sí nílé. Ilé ìwòsàn gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì. Àwọn ilẹ̀kùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ń wọ́ ilẹ̀, àwọn oníbàárà ń bú u, wọ́n sì ń wá àbúrò lọ sí ṣọ́ọ̀bù tuntun tó ṣí lódìkejì ìlú. Afárá wó lù ú lóòótọ́, kò sẹ́ni tó wá fà á yọ.

Nígbà tí ìgbéraga rẹ̀ tán, ó gbọ̀nà ilé àbúrò. Ó ń fi ẹnu kọ́ ẹ̀bẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ń ṣa èyí tó dùn jù. Ó kan ilẹ̀kùn. Ìyá ló ṣí i. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ n rí àbúrò mi. Ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀."

Ìyá wò ó bí ẹni tó ṣìlé.

"Ọmọ mi ń jẹun," ló wí. "Má dí i lọ́wọ́."

Ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbá géèmù yín, ẹ parí ẹ, ẹ tún un gbá bó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀rọ̀ burúkú dán ẹlẹ́ran ara wò pé ẹ fẹ́ mọ ibi tó máa já sí. Ẹni tí ẹ lé, ibi tó wù ú ló ń lọ, ó sì lè kó ìyá yín dání. Ẹyin lọ̀rọ̀ o. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, kò ṣeé kó.