Géètì Tó Ń Béèrè Onígbọ̀wọ́

Ọyẹ́ mú janjan láàárọ̀ ọjọ́ tí Fadérera púlọ́ńbà dé ẹnu géètì oníbàárà tuntun kan n'Íléṣà.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni géètì wí. "Ta ló mọ iṣẹ́ yín?"

Fadérera pe Délàńà, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń lẹ táìlì, lórí fóònù, ó sì ṣí sípíkà kí géètì lè gbọ́. Délàńà ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Fadérera kẹ̀? Kò ṣe àṣìṣe rí láyé!"

"Ẹ ò tíì mọ̀ wọ́n tó, sà," ni géètì fèsì. "Àṣìṣe wọn kan ni mo fẹ́ gbọ́." Kò sì mira.

Iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́ nìyẹn. Fadérera wá pe Ìyá Mosún, oníbàárà ẹ̀ tó bú u gidigidi lọ́dún tó kọjá.

"Fadérera tó so omi gbígbóná mọ́ tọ́lẹ́ẹ̀tì mi!" ni ìyá náà ké. "Mo jókòó, ooru yọ sí mi nídìí! N ò tíì bú u tán lórí fóònù tó fi dé nínú òjò, tó ń tú páìpù, tó ń bẹ̀ mí. Látìgbà náà, ẹlòmíì ò fọwọ́ kan páìpù mi mọ́."

Géètì ṣí gbayawu. Bàbá arúgbó tó nilé yọjú, ó wé bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra, òtútù ń mú un gbọ̀n.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "tọ́lẹ́ẹ̀tì olómi gbígbóná yẹn, jọ̀ọ́, bá mi ṣe irú ẹ̀."