Àga Àṣẹ́kù Ìrókò

Láti ọjọ́ tí Túnbọ̀sún ti kó igi wọ pálọ̀ ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun Ẹ̀rínọlá mọ́.

Ìrókò ni igi náà, àṣẹ́kù èyí tí wọ́n fi kan ọkọ̀ ojú omi ní Marine Beach. Ebinimi, káfíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Malu Road, ló bá a fi ọmọlanke gbé e wá. Omi ọ̀sà ti wọ̀ ọ́ lára, ó ń rùn bí ẹja tó kú sínú epo. Túnbọ̀sún kò kan nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe ní Liverpool Road, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Ṣùgbọ́n bí Sátidé bá ti dé, á bọ́ ẹ̀wù, á gbé ayùn, á máa rẹ́ igi láàárín ilé títí éérún rẹ̀ á fi bọ́ sínú ọbẹ̀.

Ẹ̀rínọlá jókòó síbi tó máa ń jókòó sí lẹ́bàá fèrèsé, ó ń wò ó. Òógùn ń kán láti imú ọkùnrin náà sórí igi. Ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó tún gbá ayùn mú. Ẹ̀rínọlá gbójú kúrò.

"Olówó orí mi," ó wí, ó yínmú sí i, "ṣé káfíńtà ni mo fẹ́ ni?"

Ayùn dúró díẹ̀.

"Ẹ má bínú," ni Túnbọ̀sún wí. "Ó máa tó parí."

Ohun mìíràn tó ń kó o nírìíra nìyẹn. "Ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀ báyìí, bí ẹni ń bá ìyá ìjọ sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó bá ṣàdédé ń bọ̀wọ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó ní ohun tó ń fi pamọ́.

Ẹ̀rínọlá sì mọ ohun náà. Doris ni, ọmọbìnrin Ajégúnlẹ̀ kan tó gé irun mọ́lẹ̀ bí ọkùnrin. Ẹ̀rínọlá kò rántí ọjọ́ tó dé, ṣùgbọ́n ó ti gba kíṣínì, ó ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, yàrá Túnbọ̀sún ló ń wọ̀, wọ́n á sì tilẹ̀kùn. Lójúkojú! Bó bá di òwúrọ̀, á tún wá kúnlẹ̀, á ní, "Mà, ẹ káàárọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ wẹ̀." Ká lọ wẹ̀! Bí ẹni pé Ẹ̀rínọlá ló ń rùn.

Ilé ló ń rùn. Òórùn ìtọ̀ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, tìmùtìmù àga ẹ̀bá fèrèsé rin gbingbin. Ẹ̀rínọlá pe Túnbọ̀sún wá wò ó.

"Wo ohun tí ọmọ yìí ṣe! Àgbàlagbà ń tọ̀ sórí àga! Ọ̀la ni mo ń padà sílé ìyá mi."

Túnbọ̀sún wo Doris, Doris wo ilẹ̀. Ó gbé tìmùtìmù náà jáde lọ sá sóòrùn, bí ẹni tí kò nítìjú.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ebinimi wá wo iṣẹ́. Àga ti yọ lára igi, ó ní ìfẹ̀yìntì, ó ní apá méjì.

"Mama, I dey greet o," ni Ebinimi wí, ó tẹrí ba. Ẹ̀rínọlá kọjú sí fèrèsé. Káfíńtà náà di apá àga mú, ó mì ín. "E strong. Person fit lean on am well-well."

Túnbọ̀sún ní kí Doris jókòó wò ó. Doris jókòó, ó sì mi orí.

"Ó ga jù. Rẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò díẹ̀, kó má baà ṣòro láti dìde."

Túnbọ̀sún kúnlẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà, ó fi pẹ́ńsùlù sàmì síbi tí yóò gé.

Ẹ̀rínọlá pòṣé. Ọkùnrin tí kò kan àpótí ìjókòó lásán fún un rí ló wá ń kan ìtẹ́ fún àlè láàárín pálọ̀!

Ìgbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní ọjọ́ ìsinmi kan, àga náà ti parí, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Túnbọ̀sún àti Doris wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń kó éérún igi dànù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rínọlá gbọ́ ẹ̀rín náà. Ó dìde, ó di ògiri mú, ó mú òòlù nílẹ̀. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ la òòlù mọ́ apá àga náà. Ìrókò kò sán. Ariwo rẹ̀ ló mú àwọn méjèèjì sáré wọlé.

"Ẹ kó ẹ̀gbin yín jáde nílé mi!" ni Ẹ̀rínọlá pariwo. "Ìwọ àti àlè rẹ!"

Túnbọ̀sún rọra gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ká aṣọ kúrò lórí àga náà, ó ti póò bọ abẹ́ ihò roboto tó gbẹ́ sáàárín ìjókòó rẹ̀, Doris ìyàwó rẹ̀ sì ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń nu ìtọ̀ tó ń ṣàn lẹ́sẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, nígbà tí Túnbọ̀sún wí pé, "Màámi, èmi ọmọ yín ni, ẹ wá jókòó, ẹ̀yin la kàn án fún."